Bí Mo Ṣe Bá Ìyá Rẹ Parí Súwẹ́tà

Ilé wa, yàrá tó kọjú sí títì,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn iṣẹ́.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ọmọ tuntun tó ń jí yín lójú oorun. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ṣé ara le? Òtútù ibẹ̀ yẹn ńkọ́, ṣé kò tíì wọ inú egungun? Èmi náà wà níbí. Orúnkún mi ṣì ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, àmọ́ ó ń gbé mi dé ibi tí mò ń lọ, mi ò sì lè bá a jà. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín lára líle, kó sì bá yín lórí ìjókòó, torí ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun téèyàn ń kà lórí ìdúró.

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún ọ, kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́. Bí o bá sọ ọ́ fún ọkọ rẹ, á ní bàbá ìyàwó òun ti ń mu nǹkan. Mi ò mu nǹkan kan. Tíì ni. Bàbá rẹ, fọkanáísà, ẹni tó ti fi ogójì ọdún ó lé tú táyà, tí èékánná rẹ̀ ò mọ́ rí láti ọjọ́ tó ti gbéyàwó, òun ló ń lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń hun súwẹ́tà. Gbogbo Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù òwú tó wà ní ìkángun títì wa. Rẹ́rìn-ín tán ná, kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Lẹ́tà tí o kọ sí mi lẹ́yìn ìsìnkú ló fa gbogbo rẹ̀. O ní òtútù ti ń bọ̀, o sì rántí pé màmá rẹ ń hun súwẹ́tà kan fún ọ, aláwọ̀ pupa ẹyin, kí àìsàn tó dá a dúbúlẹ̀. O ní o ò rí i kó tó lọ, o ò rí i sin, torí o ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, o wá fẹ́ nǹkan kan tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Lẹ́tà náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ohun tí o kọ síbẹ̀ ni pé, "Bàbá mi, bó ṣe wà ni kẹ́ ẹ ṣe fi ránṣẹ́, ìbáà má lápá." Mo kà á. Mo tún un kà. Mo wá ní, ṣé èmi ni màá wọ súwẹ́tà tí kò lápá fún ọmọ mi, kí àwọn ará ibẹ̀ máa rò pé kò lẹ́nì kankan nílé?

Mo rí i nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, nínú báàgì aláwọ̀ ewé tí màmá rẹ máa ń gbé lọ sí kíláàsì ìhunṣọ ní ṣọ́ọ̀bù òwú yẹn. Ẹ̀yìn súwẹ́tà wà níbẹ̀, iwájú rẹ̀ wà, apá ọ̀tún wà, kálukú lọ́tọ̀, kò tíì rán wọn pọ̀. Apá òsì ló kù. Òwú tó ṣẹ́ kù tó ìdì mẹ́rin. Abẹ́rẹ́ gígùn méjì wà pẹ̀lú rẹ̀, àti bébà kan tó kún fún nọ́ńbà bíi tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì. Apá kan péré. Mo ní kí ló le níbẹ̀? Ẹni tó ń tú táyà ọkọ̀ akẹ́rù ní ìṣẹ́jú mọ́kànlá, ṣé apá súwẹ́tà ló máa wá bá a fínra?

Jẹ́ kí n ro ẹjọ́ kan ná, torí mo mọ̀ pé wọ́n ti rò ó fún ọ. Wọ́n ní mi ò sunkún nígbà tí màmá rẹ kú. Òótọ́ ni. Nígbà tí wọ́n ń gbé pósí wọ inú ọkọ̀, tí gbogbo èèyàn ń ké, táyà ẹ̀yìn lápá òsì ni mò ń wò. Atẹ́gùn rẹ̀ ò tó. Mo lọ sọ fún dírẹ́bà, ó wò mí bí ẹni pé mo bú bàbá rẹ̀. Mo bá lọ gbé páńpù mi wá, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ dúdú tí mo wọ̀, mo fún un ní atẹ́gùn, a gbéra. Àbúrò màmá rẹ ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ látìgbà náà. Kì í ṣe pé ọkàn mi le. Ṣé o mọ ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí tó fi kú? O mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ ni, o rí i níbi tó wà, àmọ́ bí wọ́n bá gún un, ó dà bíi pé ẹlòmíì ni wọ́n gún. Bó ṣe ń ṣe mí nìyẹn. Mò ń jẹun, mò ń sùn, mò ń dá àwọn oníbàárà lóhùn. Mi ò mọ ohun tó kù tí wọ́n fẹ́ kí n ṣe.

Ọdún mẹ́fà ni màmá rẹ fi lọ sí ṣọ́ọ̀bù yẹn, mi ò wọ ibẹ̀ rí. Ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń dúró sí, màá fọn fèrè ọkọ̀, á jáde. Ọjọ́ tí mo wọlé, aago kékeré kan dún lókè orí mi, gbogbo ojú sì yí sí mi. Òwú kún ara ògiri láti ilẹ̀ dé àjà, gbogbo àwọ̀ tí mo mọ̀ àtèyí tí mi ò mọ̀, ilé náà sì ń rùn bí àgùntàn tí òjò pa. Obìnrin méje ló jókòó yí tábìlì ká. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Olówùú, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń ki abẹ́rẹ́ ìhunṣọ bọ irun orí bíi pé orí rẹ̀ ni àpótí irinṣẹ́, béèrè bóyá mo wá tún nǹkan ṣe ni. Mo ní rárá, mo wá kọ́ṣẹ́. Mo rí àga kan tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tó ní tìmùtìmù, mo jókòó. Gbogbo wọn gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, wọ́n wò mí bí ẹni pé mo jókòó lé ológbò wọn. Ó di ọ̀sẹ̀ kẹta kí n tó mọ̀ pé àga màmá rẹ ni. Ìgbà yẹn, ìdí mi ti mọ́ ọn lára.

Abẹ́rẹ́ igi ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi. Ó ṣẹ́. Wọ́n fún mi ní òmíràn, òun náà ṣẹ́. Ìyá Olówùú ní òwú kì í ṣe nọ́ọ̀tì táyà, kò sẹ́ni tó ń lé e, kí n yéé dì í mọ́lẹ̀ bí olè. Ó wá fún mi ní abẹ́rẹ́ onírin. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń kó ojú òwú sórí abẹ́rẹ́, ìyẹn àwọn òrùka kéékèèké tó máa ń tò lẹ́sẹẹsẹ bí àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Bí ọ̀kan bá já bọ́ nínú wọn, gbogbo àwọn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ á máa tẹ̀ lé e lọ. Ohun tí Ìyá Olówùú máa ń tẹnu mọ́ ni pé bí ohun téèyàn hun ò bá dára, kó tú u, kó tún un hun. Ó ní òwú kì í bínú. Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tó kọ́ wa, ìyẹn ló dúró lórí mi. Ìyókù gba etí kejì jáde.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Tíṣà. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ò tíì fẹ̀yìn tì. Òun ló sọ mí ní Bàbá Táyà. Òun náà ló ń ka bébà màmá rẹ fún mi, torí nọ́ńbà inú rẹ̀ ju òye mi lọ. Ó sọ fún mi pé nígbà tí màmá rẹ wà láyé, kò sí Ọjọ́bọ̀ kan tí kì í sọ̀rọ̀ mi. Ó ní á máa sín mi jẹ, bí mo ṣe ń jókòó, bí mo ṣe ń gbọ́ ìròyìn lórí rédíò tí màá sì máa dá a lóhùn. Ó ní màmá rẹ á rẹ́rìn-ín títí á fi gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀ nu ojú. Mo gbọ́. Nílé wa, mi ò mọ̀ ọ́n mọ́ ẹ̀rín bẹ́ẹ̀. Mo mi orí, mo ka ojú òwú mi: méjìdínlógójì.

Nígbà tí ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ apá òsì. Mi ò fi mọ sí kíláàsì, mo gbé e lọ sí ibi iṣẹ́. Abẹ́ àtíbàbà, láàárín táyà, bí kò bá sí oníbàárà, màá fọ ọwọ́ mi pẹ̀lú ọṣẹ àti epo, màá sì máa hun. Dírẹ́bà kan dé, ó wò mí títí, ó ní, "Bàbá, túùbù tèmi náà nìyẹn?" Mo ní kó gbé owó wá ná. Wọ́n rẹ́rìn-ín mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ń béèrè ibi tí mo dé.

Mo parí apá náà. Ọmọ mi, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì, ó dúró fúnra rẹ̀ bí ife. Apá ọ̀tún tí màmá rẹ hun, bí o bá gbé e lé ọwọ́, á ṣàn sílẹ̀ bí omi. Tèmi, o lè fi kan ìṣó. Òwú kan náà, abẹ́rẹ́ kan náà, nọ́ńbà kan náà tí Tíṣà kà. Ọwọ́ ló yàtọ̀. Ìyá Olówùú ní bẹ́ẹ̀ ló rí, ọwọ́ kálukú ní bó ṣe ń fa òwú, ti màmá rẹ dẹ̀, tèmi le, àfi kí n máa dẹ ọwọ́. Mo gbìyànjú. Ọwọ́ tó ti ń fún nọ́ọ̀tì mọ́lẹ̀ látọdúnmọ́dún, ta ló máa sọ fún un pé ewu ti tán?

Mo wá jókòó ro ọ̀rọ̀ náà bí oníṣẹ́ ọwọ́. Nínú iṣẹ́ wa, èèyàn kì í fi táyà méjì tí kò dọ́gba sí ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀. Bí ọ̀kan bá jẹ́ tuntun, tí èkejì ti jẹ́ ògbólógbòó, ẹ̀gbẹ́ kan ni ọkọ̀ á máa fà sí, títí á fi já sí kòtò. Ohun tí à ń sọ fún oníbàárà ni pé, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ méjèèjì. Súwẹ́tà náà nìyẹn. Apá kan le, apá kan rọ̀, á máa fà ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú òtútù. Mi ò lè hun bíi ti màmá rẹ. Ọ̀nà kan ló kù: kí méjèèjì jẹ́ tèmi.

Mo bá tú apá ọ̀tún.

Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú ogún lọ. Mo rántí pé oṣù kan gbáko ni màmá rẹ fi hun ún, lórí àga tó wà ní kọ̀rọ̀ yẹn, tí màá máa sọ fún un pé kó pa iná kó wá sùn. Òwú náà ń jáde ní wíwọ́ bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Wọ́n ti kọ́ wa pé kéèyàn fọ irú òwú bẹ́ẹ̀, kó fi nǹkan wíwúwo kọ́ ọ kó lè nà. Mo fọ̀ ọ́, mo so nọ́ọ̀tì ọkọ̀ akẹ́rù méjì mọ́ ọn, mo gbé e kọ́ sí bálùwẹ̀. Ó nà. Ọjọ́ kejì, èèyàn ò lè mọ̀ pé ó ti jẹ́ nǹkan kan rí.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi hun apá kejì. Méjèèjì wá dọ́gba, wọ́n dúró lórí tábìlì bí ẹ̀ṣọ́ méjì. Inú mi ò dùn, kò bàjẹ́, àmọ́ iṣẹ́ ti dọ́gba. Ìgbà tí mo wá gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ iwájú súwẹ́tà láti wo bí wọ́n ṣe máa pàdé, ni mo rí i pé ibi tí apá ti kan èjìká ń sún kì. Apá ń fà, iwájú ń tẹ̀ lé e. O mọ ohun tí mo ṣe. Bí o ò bá mọ̀, o ò tíì mọ bàbá rẹ.

Títú iwájú náà pẹ́ díẹ̀, torí màmá rẹ ti ya àwọn igun kan síbẹ̀, bí egungun ẹja, láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, ó sì dí pọ̀. Bí mo ṣe dé àárín, òwú há. Mo wò ó dáadáa, mo rí irun funfun kan tó hun mọ́ ọn láìmọ̀, ó gùn tó ìka mi. Mo yọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí mo ṣe ń yọ ìṣó lára táyà. Mo gbé e sórí etí tábìlì títí màá fi mọ ohun tí màá fi ṣe. Mo dìde lọ gbé omi tíì kaná. Ìgbà tí mo padà dé, fèrèsé wà ní ṣíṣí, kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo wo ilẹ̀. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo mu tíì mi, mo sì ń tú u lọ.

Mo ti hun iwájú náà tán báyìí. Mi ò lè ṣe egungun ẹja, pẹrẹsẹ ni mo hun ún. Mo gbé e lọ sí kíláàsì ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Tíṣà fi ìka kàn án, ó ní, "Bàbá Táyà, ọkọ̀ wo lẹ ń hun bọ́ńpà fún?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ohun tí mo fi ń kọ́ṣẹ́ ni. Ìyá Olówùú wá béèrè pé súwẹ́tà màmá rẹ ńkọ́, ó ní òun á fẹ́ rí egungun ẹja yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, torí òun ló kọ́ màmá rẹ, màmá rẹ sì wá mọ̀ ọ́n ju òun lọ nígbẹ̀yìn. Mo ní ó wà nílé. Mo ní ó ń lọ dáadáa. Mi ò mọ ìdí tí mi ò fi sọ òótọ́ fún un. Mo gbé báàgì mi, mo ní orúnkún ń dùn mí, mo jáde ṣáájú àkókò.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn, ọmọ mi. Ẹ̀yìn súwẹ́tà nìkan ló kù báyìí tí ọwọ́ màmá rẹ wà lára rẹ̀, kò sì bá ìyókù dọ́gba. Ìrọ̀lẹ́ yìí ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí tú u. Ṣe sùúrù fún mi ní oṣù kan, bóyá kó lé díẹ̀, kí o fi kóòtù rẹ àtijọ́ gbé e ná. Nígbà tó bá dé ọwọ́ rẹ, ọwọ́ kan ṣoṣo ló máa hun ún láti òkè délẹ̀, kò ní fà ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kankan. Mo mọ̀ pé ohun tí o fẹ́ nìyẹn. Mo rò pé ohun tí o fẹ́ nìyẹn.

Ọlọ́run á dá ọ sí fún ọmọ rẹ, á dá ọmọ rẹ sí fún ọ. Ilé rẹ á gbóná nínú òtútù. Ọkọ rẹ á máa rí iṣẹ́ ṣe, iṣẹ́ náà ò sì ní ṣe é léṣe. Táyà yín ò ní fọ́ níbi tí kò ti sí fọkanáísà. Ẹ kò ní gbọ́ ìròyìn tó máa mú yín dìde láàárín oúnjẹ mọ́. Bá mi fi ẹnu ko ọmọ náà lórí, má sọ fún un pé ọwọ́ bàbá ìyá rẹ̀ le.

Èmi ni bàbá rẹ, ọkọ màmá rẹ.

Àfikún: Ọjọ́bọ̀, àárọ̀. Nínú páálí tó bá lẹ́tà yìí wá, ẹ̀yìn súwẹ́tà nìkan lo máa rí. Má wá iwájú, má wá apá, mi ò fi wọ́n ránṣẹ́. O máa rí i pé ó ti tú díẹ̀ lókè, níbi èjìká. Ìlà mẹ́ta ni. Èmi ni. Mo ti fi òwú dúdú so ó kó má baà tú sí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Ìyá Nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní ọ̀kánkán wa dé ní àná láti ilé ọmọ rẹ̀, ibi tó ti lo oṣù mẹ́ta. O mọ̀ ọ́n, ẹni tó sọ fún dókítà lójú pé oorun ló ń kùn ún. Ó yà kí mi, ó bá mi níbi tí mo ti ń fa òwú. Ó mọ̀wé jù mí lọ, mo bá ní kó bá mi wo lẹ́tà yìí bóyá àṣìṣe wà nínú rẹ̀. Ó kà á tán lórí ìdúró. Kò dárúkọ àṣìṣe kankan. Ó gba ẹ̀yìn súwẹ́tà lọ́wọ́ mi, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó gbé iwájú tí mo hun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fọwọ́ pa ọ̀kan, ó fọwọ́ pa èkejì. Ó wá yọ jígí ojú rẹ̀, ó ní, "Bàbá, tiyín ni kò dáa. Kí ló dé tó jẹ́ ti ìyàwó yín lẹ ń tú?"